Àwáwù àti Ahunṣọ Tó Ń Gbé Irin

Ọkùnrin náà ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé irin dé òkè orí tán, apá rẹ̀ méjèèjì nà tàn, ni àgbébọ̀ adìyẹ kan bá kó àwọn ọmọ rẹ̀ wọ abẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ni, ní Ìsẹ́yìn, lọ́dún tó ṣáájú ọdún ìbò 1983. Àwáwù ń bọ̀ láti ilé ẹ̀kọ́ girama tí ó ti ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní oúnjẹ sísè àti ìtọ́jú ilé. Ojoojúmọ́ ló ń gba iwájú ọgbà mẹkáníìkì yìí kọjá, ojoojúmọ́ ló sì ń gbọ́ tí irin ń ró gbàn-ìn nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò dúró wò ó rí. Lọ́jọ́ yìí, ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró fúnra rẹ̀.

Irin náà kì í ṣe kékeré. Ọ̀pá gbọọrọ kan tí wọ́n tú lára lọ́rì ni, wọ́n wá fi garawa ọ̀dà tí wọ́n rọ sìmẹ́ńtì kún há a lórí níhìn-ín àti lọ́hùn-ún. Òógùn bo ọkùnrin náà. Apá rẹ̀ ti ń gbọ̀n. Síbẹ̀ kò sọ irin sílẹ̀. Ńṣe ló tẹjú mọ́ àwọn òròmọdìyẹ tí wọ́n ń ṣa kòkòrò jẹ láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀ bí ẹni pé kò sí ohun tó ń kán wọn lójú láyé.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lójú ọ̀nà yẹn," ohùn rẹ̀ há lábẹ́ irin, "ẹ bá mi lé adìyẹ yìí."

Àwáwù ju àpò rẹ̀ sílẹ̀, ó wọlé, ó ń ṣán ọwọ́. "Ṣìì! Ṣìì!" Adìyẹ fò, ọmọ tẹ̀lé e. Ọkùnrin náà sọ irin kalẹ̀, ilẹ̀ mì, òun náà sì jókòó pẹ̀ẹ́ sórí iyanrìn.

"Ẹ ṣeun, Tíṣà. Mo ti ń ro ohun tí n ó sọ fún ẹni tó ni adìyẹ."

"Kí ló dé tẹ́ ò kàn sọ irin náà sẹ́yìn?"

"Ẹnìkan jókòó sẹ́yìn."

Àwáwù yíjú. Lóòótọ́, ọkùnrin sísanra kan jókòó sórí táyà lẹ́yìn rẹ̀, ó ń jẹ búrẹ́dì, kò mọ̀ rárá pé ikú ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá lórí òun. Bí ẹ̀rín ṣe gba ẹnu Àwáwù nìyẹn, kò rí i dá dúró. Ọkùnrin náà wò ó títí ẹ̀rín náà fi tán, inú rẹ̀ sì bàjẹ́ díẹ̀ pé ó tán.

Àmúdà ni orúkọ rẹ̀. Ahunṣọ òfì ni, bíi bàbá rẹ̀ àti bàbá bàbá rẹ̀. Láti kékeré ló ti ń jókòó sídìí òfì láti àárọ̀ títí oòrùn fi ń wọ̀, tí ó ń ju ọ̀kọ̀ lọ, tí ó ń jù ú bọ̀ láàárín òwú, títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi fẹ́ máa ká bí ẹ̀yìn arúgbó kó tó pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún. Ẹ̀yìn dídùn ló gbé e dé ọgbà Cornelius.

Cornelius yìí, sójà ni tẹ́lẹ̀. Nígbà tí ogun abẹ́lé parí, ó bọ́ aṣọ ìjọba sílẹ̀, ó wá ń tún ọkọ̀ ṣe ní Ìsẹ́yìn. Bí iṣẹ́ bá tán lójúmọ́, ó máa ń kó àwọn ọ̀dọ́ jọ, ó ń kọ́ wọn bí a ti ń gbé irin, bí a ti ń sáré, bí a ti ń mí. Ẹgbẹ́ Ara-Le ni wọ́n ń pe ara wọn. Wọn kò ní ohun èlò òyìnbó kankan; ohun tí lọ́rì bá ti lò tì ni wọ́n ń gbé. Ọkùnrin sísanra tó ń jẹ búrẹ́dì yẹn, Àríyọ̀ ni, òun ló ni ilé búrẹ́dì ìgboro. Ó ní òun ti wọ ẹgbẹ́, ṣùgbọ́n òun ṣì ń wò ó ná.

Láti ọjọ́ náà, Tíṣà Àwáwù kò yára rìn mọ́ tó bá dé iwájú ọgbà yẹn. Àwọn aládùúgbò rí i. Òun náà rí i, ó sì ń bá ara rẹ̀ wí, ṣùgbọ́n ara kò gbọ́.

Ní ìrọ̀lẹ́ kan, ó bá Àmúdà níbi tó ti ń fọ́ ẹyin tútù sínú ife ńlá. Ó da mílíìkì alágolo lé e, ó bu ṣúgà sí i, ṣíbí lórí ṣíbí, ó rò ó pọ̀, ó dijú, ó gbé e mu.

"Kí nìyẹn?" Àwáwù béèrè.

"Agbára ni, Tíṣà. Ohun tí gbogbo agbérin ń mu nìyí."

"Kí lẹ jẹ lánàá?"

"Ẹ̀bà."

"Kí lẹ fi jẹ ẹ́?"

Àmúdà họrí. "Ọbẹ̀ wà níbẹ̀ díẹ̀."

"Ẹ̀fọ́ ńkọ́? Ẹja ńkọ́?"

"Wọ́n ń bẹ lọ́jà, Tíṣà."

Ẹ̀rín sọ lábẹ́ ọkọ̀ kan, Cornelius sì yọ jáde pẹ̀lú òróró dúdú lójú. "Tíṣà," ó ní, "ẹ bá mi sọ ọ́ fún wọn. Apá wọn ni mo lè kọ́, n kò rí ikùn wọn kọ́."

Báyìí ni Àwáwù ṣe dé ọgbà agbérin ní ọjọ́ Sátidé, pẹ̀lú ìkòkò ìyá rẹ̀ lórí. Ó mú wọn jókòó bí ọmọ kíláàsì rẹ̀. Ó ní agbára kò sí nínú ṣúgà. Pé ẹ̀wà tí wọ́n ń sá fún, wàrà tí àwọn obìnrin Fúlàní ń kiri lẹ́nu ọ̀nà wọn, ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ tó ń hù lẹ́yìnkùlé wọn, àwọn ló ń mọ ẹran ara. Ó wá gbé ìdíje kalẹ̀: láti ìgbà tí oṣù tuntun bá lé títí òmíràn yóò fi lé, kò sí ṣúgà, kò sí mínírà, kò sí òkèlè ńlá tí ilẹ̀ bá ti ṣú, kò sí búrẹ́dì.

"Tíṣà!" Àríyọ̀ dìde. "Èmi ni mò ń ṣe búrẹ́dì!"

"Ẹ máa ṣe é. Ẹ má ṣáà jẹ ẹ́."

Cornelius yá òṣùwọ̀n tí àwọn àgbẹ̀ fi ń wọn tábà, wọ́n so ó rọ̀ sára igi màngòrò. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn rọ̀ mọ́ ìkọ́ rẹ̀ bí ìdì tábà, ẹsẹ̀ wọn kúrò nílẹ̀. Nígbà tó kan Àríyọ̀, ẹ̀ka igi náà ké, gbogbo wọn sì sá sẹ́yìn.

Ìdíje náà le ju irin lọ. Àwọn ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn pé ọmọ àwọn ń kọ oúnjẹ bí aláìsàn. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, Àmúdà wá dúró lẹ́nu géètì ilé ẹ̀kọ́, ojú rẹ̀ wálẹ̀.

"Tíṣà, mo ti ṣẹ̀."

"Kí lẹ jẹ?"

"Mọ́sà. Ìyá mi ló dín in. Ó ní ara mi ń gbẹ, pé aráyé á sọ pé òun ò fún mi lóúnjẹ."

"Ṣé ó pọ̀?"

"N kò kà á. Mo dijú jẹ ẹ́ ni."

Àwáwù fẹ́ le ojú, ẹ̀rín kò jẹ́. "Ta ló rí yín? Ẹ ò bá ti dákẹ́."

"Mo lè dákẹ́ fún òṣùwọ̀n. N kò rí i dákẹ́ fún yín."

Ọ̀rọ̀ náà bọ́ sí Àwáwù létí, ó sọ̀kalẹ̀ lọ sí ibi tí ọ̀rọ̀ kì í tètè dé. Wọ́n jọ rìn lọ sílé lọ́jọ́ náà, wọ́n gba ọ̀nà oko, níbi tí koríko ti ga ju èèyàn lọ, tí òdòdó kaṣú sì ń ta sánsán.

"Ìgbà wo lẹ máa yéé pè mí ní 'ẹ'?" Àwáwù béèrè láìwojú rẹ̀.

"Ìgbà tí mo bá mọ oríkì rẹ."

"Àmọ̀kẹ́."

Àmúdà dúró. "Àmọ̀kẹ́," ó pè é pẹ̀lẹ́, bí ẹni tó ń tọ́ ohun adùn wò. "O kú ìrìn, Àmọ̀kẹ́."

"Ìwọ náà kú ìrìn. Ṣùgbọ́n mọ́sà yẹn, n ó kọ ọ́ sílẹ̀ fún ọ o."

Nígbà tí oṣù tuntun yọ, ṣòkòtò Àríyọ̀ já bọ́ níbi òṣùwọ̀n, gbogbo ọgbà sì pàtẹ́wọ́ fún un bí ẹni tó jẹ oyè. Òun ló gba ipò kìíní. Àmúdà kò gba ohunkóhun, nítorí mọ́sà, ṣùgbọ́n irin tó ń mì ín lápá tẹ́lẹ̀, ńṣe ló ń gbé e báyìí bí ẹni gbé ọmọ. Ẹ̀yìn rẹ̀ nà. Ó ń hun aṣọ ní ọ̀sán, ó ń gbé irin ní ìrọ̀lẹ́, láàárín méjèèjì, ó ń ronú nípa Àwáwù.

Bàbá Àwáwù ni Àlàájì Mùstàfá, tó ń ra àgbàdo àti ọkà bàbà láti Ṣakí àti Àgọ́-Àrẹ wá sí Ìsẹ́yìn. Ọkùnrin tútù ni, kì í pariwo. Nítorí náà, ọjọ́ tó pe ọmọ rẹ̀ jókòó, ìyá Àwáwù, Àyìnkẹ́, fi ìgbálẹ̀ sílẹ̀, ó wá dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn.

"Àwáwù, wọ́n ní o ń bá àwọn abara-líle kan rìn."

"Bàbá, oúnjẹ ni mo ń kọ́ wọn."

"Mo mọ̀." Ó ń yí tẹ̀súbáà lọ́wọ́ rẹ̀. "Lọ́dún Wẹ́tìẹ̀, nígbà tí àwọn olóṣèlú ń jó ilé ara wọn, ìwọ kò tíì mọ nǹkan. Àwọn tó dáná sun ìsọ̀ mi, ọmọ àdúgbò yìí ni wọ́n. Ara wọn le. Àgbàdo mi ni wọ́n máa ń bá mi rù, mo sì máa ń fún wọn lóúnjẹ. Nígbà tí olóṣèlú fún wọn lówó, wọn kò rántí oúnjẹ. Irin tí èèyàn ń gbé kiri láìsí ìdí, ọjọ́ kan ni yóò wá orí tí yóò bà lé."

"Àmúdà kò rí bẹ́ẹ̀, Bàbá."

"Àwọn náà kò rí bẹ́ẹ̀."

Ọ̀rọ̀ kò pẹ́ kó tó dà bí ẹni pé Àlàájì ló mọ̀ ọ́n. Ọdún ìbò dé. Ọkùnrin kan tó wọ agbádá funfun wá sí ọgbà Cornelius, ó ní ẹgbẹ́ òṣèlú kan ń wá àwọn ọmọ tí yóò máa tẹ̀ lé aṣáájú wọn kiri. Ó ṣèlérí alùpùpù. Cornelius fi ọ̀pá irin júwe ọ̀nà ìta fún un. Ṣùgbọ́n kó tó di ọjọ́ kejì, Ògúndìran, tó lágbára jù nínú ẹgbẹ́, ti lọ bá ọkùnrin náà, ó sì kó ọmọ méjì mọ́ra. Wọ́n ń gun alùpùpù kiri ìgboro, wọ́n ń fun fèrè, gbogbo ìlú sì bẹ̀rẹ̀ sí í pe ẹnikẹ́ni tí apá rẹ̀ bá yọ iṣan ní jàǹdùkú.

Ní àkókò yìí gan-an ni Àmúdà wọ aṣọ òfì tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ hun, ó lọ dọ̀bálẹ̀ fún Àlàájì Mùstàfá. Àwáwù wà lẹ́yìn aṣọ títa, ó ń gbọ́.

"Dìde," Àlàájì sọ. "Mo mọ bàbá rẹ, ẹni rere ni. Iṣẹ́ òfì, iṣẹ́ ọmọlúàbí ni. N kò ní ni ọ́ lára. Ju irin yẹn nù lónìí, kó àwọn èèyàn rẹ wá lọ́jọ́ Jímọ̀, n ó fi ọmọ mi fún ọ."

Àwáwù di àyà mú. Ó ti gbọ́ ìdáhùn náà nínú ara rẹ̀ kí Àmúdà tó la ẹnu. Ṣùgbọ́n ohun tó gbọ́ kọ́ ni ọkùnrin náà sọ.

"Bàbá, ẹ jẹ́ kí ìbò kọjá ná."

"Kí ni irin fi kan ìbò?"

"Àwọn ọmọ tó kù ní ọgbà, ojú mi àti ojú Cornelius ni wọ́n ń wò. Bí mo bá jáde lónìí, wọ́n á ní kò sóhun tó ń dúró. Alùpùpù yẹn á kó wọn lọ. Bí ìbò bá kọjá, ohun tí ẹ bá ní kí n ṣe, n ó ṣe é."

Àlàájì mi orí pẹ̀lẹ́. "Ó dùn létí. Àwọn tọjọ́sí náà mọ̀rọ̀ ọ́ sọ. Máa lọ sílé, ọmọ mi. Kí ojú rẹ má sì tún kan ojú ọmọ mi."

Àwáwù bá Àmúdà ní ẹ̀yìn ògiri, níbi tí ìyá rẹ̀ ń sá ẹ̀gẹ́ sí. Omijé ti wà lójú rẹ̀ kó tó débẹ̀.

"Ọ̀rọ̀ ẹyọ kan ni wọ́n ní kó o sọ. Ẹyọ kan, Àmúdà!"

"Mo mọ̀."

"Irin ju mí lọ?"

"Àmọ̀kẹ́, kì í ṣe irin."

"Kí wá ni?"

"Ọmọ méjìlá ló wà níbẹ̀. Mo mọ ìyá ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn."

"Mo mọ ìyá tèmi náà, yóò sunkún lónìí." Ó yí ẹ̀yìn padà. "Máa lọ bá àwọn ọmọ rẹ."

Àmúdà lọ. Ó retí pé kí Àwáwù pe òun padà, Àwáwù náà retí pé kí ó padà fúnra rẹ̀. Báyìí ni èèyàn méjì tó fẹ́ràn ara wọn ṣe fi àyè sílẹ̀ fún ìdákẹ́, ìdákẹ́ sì wọlé, ó tẹ́ ẹní, ó jókòó.

Òjò rọ̀, àgbàdo gbó. Àwáwù ń gba ọ̀nà mìíràn lọ sí ilé ẹ̀kọ́, èyí tó jìn. Nígbà tí ìyá rẹ̀ bá bi í pé kí ló dé tí kò jẹun, á ní oúnjẹ kún inú òun. Ẹni tó ń kọ́ gbogbo ayé bí a ti ń jẹun kò rí oúnjẹ gbé mì. Àyìnkẹ́ máa ń bu ọbẹ̀ sí i, á jókòó tì í títí yóò fi tọ́ ọ wò.

Ọjọ́ tí wọ́n ka èsì ìbò, ìgboro gbóná. Èéfín ń rú ní apá ibì kan, àwọn ìsọ̀ sì tì. Àwáwù ti lọ wo àbúrò ìyá rẹ̀ tó bímọ, kò sì sí ọ̀nà mìíràn tó lè gbà dé ilé láìséwu bí kò ṣe ọ̀nà iwájú ọgbà Cornelius. Bó ṣe ń súnmọ́ ibẹ̀, ó rí àwọn obìnrin bíi mẹ́fà lẹ́nu géètì. Ẹ̀rù bà á. Ó rò pé òkú ni wọ́n gbé.

Ìyá kan di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Ọmọ mi wà nínú ilé, Tíṣà. Gbogbo wọn wà nínú ilé. Wọ́n ti géètì mọ́ ara wọn láti àná, wọ́n ní àwọn kò ní jáde títí ìlú yóò fi tòrò."

Àwáwù fi ojú sí àlàfo páànù. Wọ́n wà níbẹ̀ lóòótọ́. Àwọn kan ń gbé irin, àwọn yòókù ń kà á fún wọn, ohùn wọn papọ̀ bíi ti ọmọ ilé kéú. Àríyọ̀ ń yẹ òṣùwọ̀n wò. Ní ìdí ààrò, Àmúdà bẹ̀rẹ̀ mọ́ ìkòkò, ó ń bu ẹ̀wà sínú abọ́. Ó bù ú fún gbogbo wọn yípo, ó wá wo ìsàlẹ̀ ìkòkò, kò sí nǹkan mọ́ níbẹ̀. Ó mu omi, ó nu ẹnu, ó ní òun ti yó.

Àwáwù kò pè é. Ó sáré délé, ó ṣa ẹ̀wà, ó dáná. Nígbà tó gbé ìkòkò sórí, bàbá rẹ̀ dìde lórí àga.

"Níbo lo ń gbé e lọ nírú ọjọ́ òní?"

"Ọgbà Cornelius, Bàbá. Àwọn abara-líle tí ẹ ń bẹ̀rù, wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ ara wọn kí ẹnikẹ́ni má baà rí wọn lò. Oúnjẹ ti tán lọ́wọ́ wọn." Kò gbé ojú sílẹ̀. "Bí ẹ bá ní kí n má lọ, n kò ní lọ. Ṣùgbọ́n n kò ní lè sùn."

Àlàájì Mùstàfá wọ bàtà. "Kò yẹ kí obìnrin dá rìn lónìí," ó ní, ó sì bọ́ síwájú.

Cornelius ló ṣí géètì. Àlàájì kò wọlé. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo ojú àwọn ọmọ náà lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni tó ń wá ojú kan tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, tí kò sì rí i. Àmúdà jáde wá gba ìkòkò.

"Ẹ ṣeun, Tíṣà," ó sọ, ojú rẹ̀ wálẹ̀.

"Ta lò ń pè ní 'ẹ'?" Àwáwù rọra sọ ọ́, kí bàbá rẹ̀ má gbọ́. "Tìrẹ wà nísàlẹ̀, mo fi ewé bò ó. Bí o bá fún ẹlòmíràn, n ó mọ̀."

Ìlú tòrò. Àlàájì kò sọ̀rọ̀ irin mọ́, bẹ́ẹ̀ ni kò sọ̀rọ̀ ìgbéyàwó. Àyìnkẹ́ ní kí Àwáwù fi sùúrù sí i, pé ẹni tí iná jó rí, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìgbà ni yóò fọwọ́ kan eérú kó tó gbà pé ó ti tutù.

Nígbà tí ọyẹ́ bẹ̀rẹ̀, àwọn ẹgbẹ́ agbérin Òkè-Ògùn pe ìdíje ní Ṣakí, ní pápá ilé ẹ̀kọ́ kan. Kẹ̀kẹ́ tuntun ni wọn yóò fún ẹni tó bá borí. Lọ́rì tí Àlàájì fi ń kó àgbàdo ń lọ sí Ṣakí lọ́jọ́ náà, ó sì ní bí àwọn ọmọ náà bá fẹ́, kí wọ́n gun ẹ̀yìn rẹ̀. Àwáwù àti ìyá rẹ̀ tẹ̀lé wọn. Àlàájì ní àgbàdo ni òun wá rà. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìdíje bẹ̀rẹ̀, Àwáwù rí i lábẹ́ igi ẹ̀mì, ó fa fìlà bojú.

Ọ̀sán pọ́n, ó ku èèyàn méjì: Àmúdà, àti Sàlàkọ́, àgbẹ̀ kan láti Àgọ́-Àrẹ, tí èjìká rẹ̀ fẹ̀ bí ilẹ̀kùn. Sàlàkọ́ gbé irin tó kẹ́yìn, kò lè nà án tán, ó sọ ọ́ sílẹ̀. Ó kan Àmúdà. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fà á dé àyà, ó sọ̀kalẹ̀ lọ sábẹ́ rẹ̀, ó dìde pẹ̀lú rẹ̀, ó tì í sókè. Apá rẹ̀ nà tàn. Gbogbo pápá hó yèè. Àwọn ọmọ Ìsẹ́yìn ń fò sókè, Àríyọ̀ ń sunkún, adájọ́ sì ti ń bọ̀ wá gbé ọwọ́ rẹ̀ sókè.

Àmúdà sọ irin kalẹ̀. Ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ó mi orí.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà, kò pé. Ìgúnpá mi kan orúnkún nígbà tí mo sọ̀kalẹ̀."

Adájọ́ wo àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Nínú òfin, bí ìgúnpá bá ti kan orúnkún, irin náà kò sí lára ohun tí a gbé. Ṣùgbọ́n ẹnì kankan kò rí i nínú wọn. "Ṣé ó dá ọ lójú?"

"Ó dá mi lójú, sà."

Ariwo tún sọ, èyí tó ju ti àkọ́kọ́ lọ, nítorí àwọn ará Àgọ́-Àrẹ náà wà nínú rẹ̀. Wọ́n ní kí àwọn méjèèjì tún un gbé. Sàlàkọ́ ló borí, ó gba kẹ̀kẹ́ lọ, ṣùgbọ́n ó kọ́kọ́ wá di Àmúdà mọ́ra, ó gbé e kúrò nílẹ̀ bí àpò àgbàdo.

Àlàájì Mùstàfá bá a níbi tó ti ń fọ ojú rẹ̀ nínú garawa.

"Kí ló dé tó o fi sọ ọ́?" ó bi í. "Kò sẹ́ni tó rí ọ."

Àmúdà gbé orí sókè, omi ń kán lójú rẹ̀. Kò rò pé Bàbá wà níbẹ̀. "Bí n kò bá sọ ọ́, Bàbá, n ó gbé òun náà délé. Ó wúwo ju irin lọ."

Àlàájì mú aṣọ ìnujú láti àpò agbádá rẹ̀, ó nà án sí i. "Nu ojú rẹ," ó ní. "Jímọ̀ tó ń bọ̀ dára. Kó àwọn èèyàn rẹ wá. Irin ńkọ́? Máa gbé e. Ṣùgbọ́n má gbàgbé òfì, nítorí ọmọ mi fẹ́ràn aṣọ."

Nígbà tí wọ́n ń padà, oòrùn ti rọ̀ sápá ìwọ̀ rẹ̀, gbogbo ọ̀dàn sì pọ́n bí epo. Àlàájì àti ìyàwó rẹ̀ wà níwájú lọ́dọ̀ awakọ̀. Lẹ́yìn, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ti sùn lórí àpò àgbàdo. Àwáwù jókòó ti Àmúdà, wàrà tí wọ́n rà ní Ṣakí wà láàárín wọn nínú ewé.

"O pàdánù kẹ̀kẹ́," Àwáwù sọ.

"Mo pàdánù rẹ̀."

"A ò bá máa gùn ún lọ sọ́jà."

"A?" Àmúdà béèrè. "Ta ni àwa?"

Àwáwù fi wàrà dí i lẹ́nu. "Jẹun, Àmúdà. O ti gbé ohun tó pọ̀ lónìí."

Ó jẹ ẹ́ tán. Ó fa ọwọ́ tó fi bọ́ ọ mọ́ra, kò jẹ́ kó padà. "Àmọ̀kẹ́, ọjọ́ yẹn lẹ́yìn ògiri, mo dúró ní kọ̀rọ̀ òpópónà yín títí wọ́n fi pe ìrun mọ̀ríbì. Mo rò pé o máa jáde."

"Mo wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Mo rò pé o máa wọlé."

"Ká má tún ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́."

"A ò ní í ṣe é mọ́," Àwáwù dáhùn, ó sì gbé orí lé èjìká rẹ̀.

Ilé iwájú lọ́rì ró gbó gbó gbó. Àlàájì ló ń fọwọ́ kàn án. "Ẹ̀yin ará ẹ̀yìn! N ò gbọ́ ohùn yín mọ́ o!"

"A wà níbí, Bàbá," àwọn méjèèjì dáhùn papọ̀, Àyìnkẹ́ sì rẹ́rìn-ín títí lọ́rì fi dé Ìsẹ́yìn.

Wọ́n so yìgì wọn lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ kan nígbà tí ọyẹ́ ti fẹ́ lọ. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wọ fìlà funfun, wọ́n jókòó jẹ́ẹ́ bí ọmọ kéú. Ògúndìran náà wá. Àwọn olóṣèlú ti gba alùpùpù wọn padà, ojú sì ń tì í láti wọlé. Àmúdà ló jáde lọ fà á lọ́wọ́ wá, tó fún un níbi ìjókòó. Aṣọ òfì tí Àwáwù wọ, Àmúdà ló hun ún, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan òwú rẹ̀.

Áàfà ka ohun tó yẹ kó kà, ó yíjú sí ìyàwó. "Àwáwù, ọmọ Mùstàfá, ṣé ìwọ fúnra rẹ—"

"Mo gbà," ni Àwáwù sọ.

Ìyá rẹ̀ fa gèlè rẹ̀ lẹ́yìn. "Jẹ́ kí wọ́n bi ọ́ tán ná!"

Ẹ̀rín gba ilé kan. Áàfà náà rẹ́rìn-ín, ó tún un bẹ̀rẹ̀ láti ìpìlẹ̀, ó ń rọra sọ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwáwù sì dúró, ó di ẹnu, ó ń wo Àmúdà, títí Áàfà fi bi í tán.